Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Fóònù, Ìwà àti Èdè-Ìperí ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ìfáárà

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ti ń sa ipá wọn láti rí i pé a fi èdè wa kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní 1970 ni ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kí ó sì yé e yékéyéké. Ní 1984 ni apá kìn-ín-ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀. Ní 1990 ni apá kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ribiribi ni gbogbo èyí jẹ́, orí rẹ̀ ni àwa tí a ń kọ́ni lónìí sì dúró lé.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a bi ara wa. Nígbà tí ohun èlò tuntun bá wọ àwùjọ wa, kí ni a máa ń sọ lórúkọ? Ṣé ohun èlò náà fúnra rẹ̀ ni, tàbí ohun tí àwọn ènìyàn ń fi í ṣe? Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ohun èlò ni a ti ń sọ lórúkọ jù, tí a sì ń fi ìwà àti ìṣe tí ohun èlò náà bí sílẹ̀ láìlórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ìwà ni ó ń yí ayé ènìyàn padà. Ohun tí kò bá ní orúkọ ní èdè ẹni ṣòro láti fi kọ́ ọmọdé, ó sì ṣòro láti fi kìlọ̀ fún àgbà. Fóònù alágbèéká ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ilẹ̀ Rẹ́mọ ni a ó sì ti wò ó, láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn àti Ìpẹru.

Ohun tí àwọn baba wa wò

Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn gbé ohùn rédíò wọ ilé àwọn ará Èkó. Àpótí kan ni ó máa ń wà nínú ilé, tí ọ̀rọ̀ ń ti inú rẹ̀ jáde. Àwọn Yorùbá wò ó títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí orúkọ yìí dáadáa. Ẹni tí ó sọ ọ́ kò wo igi tí a fi kan àpótí, kò wo okùn, kò sì wo iná. Ìwà ni ó wò. Ní àwùjọ tí ọ̀rọ̀ ti jẹ́ ohun tí à ń sọ tí à ń gbà á lẹ́nu ara ẹni, tí ẹni tí ó dákẹ́ nígbà tí a ń bá a sọ̀rọ̀ ń hùwà àrífín, àpótí kan dé tí ó ń sọ tirẹ̀ láìgba èsì ẹnikẹ́ni. Àpèjúwe ni orúkọ náà, ìbáwí díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Orúkọ tí a fún ẹ̀rọ yìí ni amóhùnmáwòrán. Orúkọ náà dára, ó sì dùn-ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni ó sọ. Kò sọ ohunkóhun nípa ènìyàn tí ó jókòó sí iwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ọ̀nà amóhùnmáwòrán ni a tọ̀ jù. Ẹ̀rọ ayárabíàṣá ni a pe kọ̀ǹpútà nítorí ìyára rẹ̀. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni a pe tẹlifóònù nítorí pé ọ̀rọ̀ ni a ń fi í sọ.

Wàhálà tí ó wà nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni pé iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í dúró lójú kan. Kí fóònù alágbèéká tó dé ní 2001, okùn tẹlifóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò pé 600,000. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ẹni tí ó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn á fi ìwé lé awakọ̀ lọ́wọ́, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀. Lónìí, ìlà fóònù tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè yìí ju 100,000,000 lọ. Ìyá tí ó ń ta ẹ̀wà ní Ṣàgámù ń fi fóònù wo aago, ó ń fi í tan iná lálẹ́, ó ń fi í ṣe ìṣirò, ó ń fi í gba owó, ó sì ń fi í wo àwòrán ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí a bí sí òkè òkun. Bíbánisọ̀rọ̀ ti di ẹyọ kan péré nínú iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, rédíò ti ń gba èsì báyìí, nítorí pé àwọn olùgbọ́ ń fi fóònù pè wọlé láti dá sọ́rọ̀sọ́rọ̀ lóhùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gbèsì. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ti di àpò owó. Abájọ tí àwọn ènìyàn fi ń pe fóònù ní fóònù, tí wọ́n sì fi orúkọ gígùn sílẹ̀ fún wa nínú ìwé.

Fíláàṣì àti àrokò

Bí ó ti wù kí ó rí, àwọn tí ń lo ohun èlò kò dúró de ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí fóònù kọ́kọ́ dé, nǹkan bí àádọ́ta náírà ni ìṣẹ́jú kan, bí ènìyàn bá sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni yóò san. Ní 2003, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Glo bẹ̀rẹ̀, ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ṣùgbọ́n ìpè tí a kò bá gbé kì í jẹ owó. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti rí àyè: wọn á pe nọ́ńbà, yóò dún, wọn á sì já a kí a tó gbé e. Wọ́n pe èyí ní fíláàṣì.

Ẹni tí ó bá mọ àṣà wa yóò rí i pé fíláàṣì kì í ṣe àjèjì. Àrokò ni. Nígbà tí àwọn baba wa bá fi owó-ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà sí ẹni náà, nítorí pé ẹfà ni. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Iye ni ó ń sọ̀rọ̀. Bákan náà ni àwọn tí ń ṣe fíláàṣì máa ń bá ara wọn ṣe àdéhùn: bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kan, mo ti délé láyọ̀, bí ó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, pè mí padà. Owó-ẹyọ di ìró, àmọ́ ọgbọ́n náà kò yí padà.

Fíláàṣì tún ní òfin tirẹ̀. Ọmọdé kì í ránṣẹ́ pe àgbà. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá ṣe fíláàṣì fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti hùwà àrífín, nítorí pé ó ní kí bàbá ná owó láti wá gbọ́ ti òun. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan ní Ìpẹru bá ṣe fíláàṣì fún ọmọ rẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ń béèrè. Ẹni tí ó lè ṣe fíláàṣì fún ẹni tí kò lè ṣe é fún jẹ́ àwòrán ìbátan àti ipò láàrin ẹbí. Nísinsìnyí tí owó ìpè ti dínkù sí ti àtijọ́, tí WhatsApp sì wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wa, àṣà yìí ti ń rọlẹ̀. Ìṣe kan dé, ó ní orúkọ, ó ní òfin, ó sì fẹ́ kọjá lọ kí olùkọ́ tó fi kọ́ ọmọ kan ní kíláàsì. Nítorí pé ọ̀rọ̀ àyálò ni, a rò pé kò tó ohun tí à ń kọ sílẹ̀.

Iṣẹ́ jíjẹ́

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá fún fóònù, èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lẹ́nu àwọn oníròyìn àti olùkọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ìṣe ènìyàn ni ó sọ lórúkọ. A tẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ́ iṣẹ́. Iṣẹ́ jíjẹ́ sì jẹ́ ohun tí ọmọ Yorùbá mọ òfin rẹ̀ láti kékeré. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Orúkọ rere yìí gan-an ni ó jẹ́ kí a rí ohun tí ó sọnù. Òjíṣẹ́ tí ó jẹ́ ènìyàn lè fi iṣẹ́ ẹrú jẹ́ tọmọ. Fóònù kò lè ṣe é. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ líle, líle náà ni yóò dé. Kò sí ibi tí èyí ti hàn tó ọ̀rọ̀ ikú. Láyé àtijọ́, a kì í dédé túfọ̀ fún ọmọ olóògbé. Ẹni tí a bá rán yóò ní ara bàbá kò le tó bẹ́ẹ̀, kí ó máa bọ̀ nílé. Yóò bá a rìn títí tí wọn yóò fi dé ibi tí àwọn àgbà wà. Lónìí, ọmọ lè wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó ṣí fóònù rẹ̀, kí ó sì bá àwòrán bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìdárò tí ará ìta kọ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní in lọ́kàn láti ṣe ibi. Ó ti túfọ̀ láìmọ̀ pé túfọ̀ ni òun ṣe. Bí olùkọ́ bá lè sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé, "Bí ẹ bá gbé ìròyìn ikú sórí fóònù, ẹ ti túfọ̀ nìyẹn, ta ni ó rán yín?", ọ̀rọ̀ ti yé wọn. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ṣoṣo ni ó bá ìwà tuntun wí.

Ní 2013 ni WhatsApp fi kún un pé kí ènìyàn lè fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́. Èyí ṣe wá ní oore púpọ̀. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé lè sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka-èdè Rẹ́mọ, kí ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì gbọ́ ọ bí ó ti sọ ọ́. Ohùn kò sì nílò àmì: igba, igbá àti ìgbà kò lè dàrú mọ́ ara wọn lẹ́nu ẹni tí ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ti máa ń dàrú nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí a kò fi àmì sí. Àmọ́ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù báyìí kò gbọ́ "hẹ̀n-ẹ́n" kankan. Kò sí ẹni tí ó ń gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti padà dé, àwa ènìyàn ni a sì dì í. A dábàá kí a pe irú iṣẹ́ yìí ní àfohùnjíṣẹ́, kí ó lè jẹ́ ìkejì àtẹ̀jíṣẹ́.

Ojú, owó àti àláàtì

Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ sì ni òwò rí. Ṣàgámù jẹ́ ìlú tí a mọ̀ mọ òwò obì gbàǹja, tí àwọn oníṣòwò Haúsá ti ń bá àwọn ará Rẹ́mọ ná an ní Sábó láti ọjọ́ pípẹ́. Irú òwò báyìí dúró lórí pé a mọ ojú ara wa. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2022, báńkì àgbà orílẹ̀-èdè yìí kéde pé òun yóò yí àwọ̀ owó náírà padà. Láti ìparí oṣù kìn-ín-ní títí wọ oṣù kẹta ọdún 2023, owó wọ́n lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn tí kò tí ì fi fóònù sanwó rí di ẹni tí ó ń fi í sanwó, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ lẹ́nu ọlọ́jà: àláàtì. "Mi ò tí ì rí àláàtì." Oníbàárà tí a ti mọ̀ láti ogún ọdún yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọjà tí ó ti rà, títí fóònù yóò fi dún. Ojú rẹ̀ kò tó ẹ̀rí mọ́. A kò ní kí ọlọ́jà má ṣọ́ra, nítorí pé àwọn gbájúẹ̀ ń fi àláàtì irọ́ gba ọjà lọ. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé ìgbẹ́kẹ̀lé ti kúrò lójú ènìyàn bọ́ sójú fóònù, ọ̀rọ̀ àláàtì sì ni ẹ̀rí èyí. Ó yẹ kí ó wọ inú àkójọ-ọ̀rọ̀ wa bí a ti ń pè é.

Nọ́ńbà púpọ̀, orúkọ kan

Bí àwọn ènìyàn bá lè fún fíláàṣì àti àláàtì ní ibùgbé láìsí wa, kí ni iṣẹ́ wa? Àwọn kan nínú wa gbà pé kí a fi ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọjà. A kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá, ìdí wa sì nìyí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí, nọ́ńbà. Nọ́ńbà ni à ń pe èyí tí a fi ń pe ènìyàn lórí fóònù. Nọ́ńbà ni à ń pe ti àkáǹtì. Nọ́ńbà ni à ń pe ti ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, èyí tí ìjọba pàṣẹ ní oṣù kejìlá ọdún 2020 pé kí gbogbo ènìyàn so mọ́ ìlà fóònù wọn. Nọ́ńbà náà ni à ń pe oókan mẹ́rin tí a fi ń ṣí àpò owó, tí àwọn báńkì ń pè ní PIN. Nọ́ńbà sì tún ni èyí tí ó máa ń wọlé lójijì lórí àtẹ̀jíṣẹ́, tí a óò lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní OTP. Márààrún jẹ́ nọ́ńbà, àmọ́ òfin wọn kò dọ́gba. Èkínní, a lè fún gbogbo ayé. Èkejì, a lè fún ẹni tí ó fẹ́ san owó fún wa. Ẹ̀kẹta, a lè fi han òṣìṣẹ́ tí ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀. Ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún, a kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó sọ pé báńkì ni òun ti ń pè.

Ẹni tí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn. Ẹni tí Yorùbá nìkan yé ní orúkọ kan. Nígbà tí gbájúẹ̀ bá pe ìyá kan ní Òde Rẹ́mọ, tí ó kí i dáadáa, tí ó sì ní, "Ìyá, nọ́ńbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi kà á," kò sí ohun tí ó burú nínú ọ̀rọ̀ yìí létí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti ní fóònù ni àwọn ènìyàn ti ń gba nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkìlọ̀ tí ó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ ni ó jẹ́ kí owó rẹ̀ lọ. Èdè rẹ̀ ni kò dáàbò bò ó, àwa tí a sì ń pe ara wa ní alágbàtọ́ èdè náà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rò ó.

Orúkọ tí ó ní òfin nínú

Nítorí náà ni a fi ń dábàá kí a ya àwọn nọ́ńbà yìí sọ́tọ̀: nọ́ńbà ìpè, nọ́ńbà àkáǹtì, nọ́ńbà ìdánimọ̀, nọ́ńbà àṣírí, àti nọ́ńbà àṣírí ẹlẹ́ẹ̀kan. A kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun kankan níbí. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń lo nọ́ńbà àṣírí lẹ́nu. Agbára rẹ̀ wà nínú pé gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó mọ ohun tí a ń ṣe sí àṣírí. A máa ń bò ó. A máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó má ṣe tú. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé, "Ẹ ka nọ́ńbà àṣírí yín fún mi," etí rẹ̀ yóò ta kí ọpọlọ rẹ̀ tó ronú. Òfin wà nínú orúkọ náà, gẹ́gẹ́ bí ìbáwí ti wà nínú asọ̀rọ̀mágbèsì.

A mọ̀ pé gbájúẹ̀ kò ní pè é ní àṣírí. Yóò máa pè é ní nọ́ńbà lásán. Ìdí nìyí tí orúkọ náà fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ báńkì wá, nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó gbé nọ́ńbà náà dé, lórí ẹ̀rọ tí ń pọ owó, àti lẹ́nu àwọn tí ń fi POS sanwó fún wa ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ó sì yẹ kí ó wà nínú ìwé Yorùbá tí àwọn ọmọ ń kà, nítorí pé ọmọ-ọmọ ni ó sábà máa ń bá ìyá àgbà tẹ fóònù.

Àbá wa fún ẹ̀yin olùkọ́, atúmọ̀-èdè àti onímọ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Èkínní, kí ìgbìmọ̀ tí ó bá fẹ́ ṣe àkójọ ìperí fún ohun èlò kan kọ́kọ́ lọ sí ọjà, ilé-ìwé àti ilé àgbà, kí wọ́n kọ ìṣe sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ orúkọ ẹ̀rọ. Èkejì, kí a gba ọ̀rọ̀ àyálò tí àwọn ènìyàn ti fún ní ibùgbé, irú fíláàṣì àti àláàtì, kí a sì kọ òfin ìlò wọn pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Ẹ̀kẹta, níbi tí àìlórúkọ bá ti lè kó ènìyàn sí ewu, kí a má ṣe dúró de ọjà. Kí a wá ọ̀rọ̀ tí ó ti ní òfin nínú tẹ́lẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́ sójú fóònù. Tí a bá ṣe èyí, ilé ni a wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìyá tí ó wà ní Òde Rẹ́mọ ni onílé náà, ọwọ́ rẹ̀ ni fóònù sì wà.